Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìmọ́lẹ̀ Tó Ń Ṣìnà Lójú Lẹ́ńsì

Gbogbo lẹ́tà tí a mú síwájú nínú abala yìí ló dá lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ìyẹn ni bí ojú lẹ́ńsì, dígí (èyí tó ń tan ìmọ́lẹ̀ padà) àti okùn ìmọ́lẹ̀ ṣe rí, àti ohun tí ìrísí ojú bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n a kò yí ìbéèrè ẹnikẹ́ni padà.

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo fẹ́ ra lẹ́ńsì kámẹ́rà kan tí ẹlòmíràn ti lò rí. Nǹkan ti fa ìlà tín-ín-rín kan sí ojú gíláàsì iwájú rẹ̀, ìlà náà sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹni tó ń tà á ní ìlà náà kò lè ṣe àwòrán ní ohunkóhun, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ iṣẹ́ fọ́tò dáadáa ní lẹ́ńsì náà ti bàjẹ́ pátápátá. Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú àwọn méjèèjì? — Ayàwòrán kan

Ẹni tó ń tà á ló sún mọ́ òtítọ́ jù, àmọ́ òun náà kò sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò iye ìmọ́lẹ̀ tí ìlà náà lè gbà lọ́wọ́ yín. Bí ojú lẹ́ńsì náà bá fẹ̀ tó 50 mìlímítà láti etí kan dé èkejì, gbogbo àyè tó wà lójú rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí 1,960 mìlímítà onígun mẹ́rin. Ìlà tó gùn ní 10 mìlímítà, tí fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 0.02 mìlímítà, kò gbà ju 0.2 lọ nínú àyè yìí, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ìdá kan péré nínú 10,000. Kò sí ojú ènìyàn tó lè mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ dín ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, kámẹ́rà pàápàá kò ní fura sí i.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tí gíláàsì tó mọ́ tónítóní, tí kò ní ìlà kankan lára, ń gbà lọ́wọ́ ìmọ́lẹ̀. Nígbàkígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ti inú afẹ́fẹ́ wọ inú gíláàsì lásán, tàbí tó bá ti inú gíláàsì bọ́ sínú afẹ́fẹ́, nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 rẹ̀ ni yóò tan padà sẹ́yìn. Lẹ́ńsì kámẹ́rà kì í sì í ṣe gíláàsì kan ṣoṣo: bí gíláàsì mẹ́fà tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bá wà nínú rẹ̀, ojú méjìlá ni ìmọ́lẹ̀ ní láti là kọjá, ìdá 61 nínú 100 péré ni yóò sì dé òdì kejì bí a kò bá fi nǹkan kan bo àwọn ojú náà. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe lẹ́ńsì fi ń fi awọ tín-ín-rín bo ojú gíláàsì kọ̀ọ̀kan. Bí awọ yìí bá dín ohun tó ń tan padà kù sí ààbọ̀ ìdá kan nínú 100 lójú kọ̀ọ̀kan, ìdá 94 nínú 100 ni yóò la ojú méjìlá náà kọjá. Ojú tí kò ní awọ lè gba ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ yín ju ohun tí ọgọ́rùn-ún ìlà irú èyí tí ẹ rí lè gbà lọ.

Ìtàn bí wọ́n ṣe mọ àṣírí awọ yìí dùn mọ́ mi púpọ̀, nítorí pé ara ojú tó ti ṣá ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ní ọdún 1892, ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣe lẹ́ńsì, Dennis Taylor, ṣàkíyèsí pé àwọn lẹ́ńsì àtijọ́ tí ojú wọn ti pàwọ̀ dà nítorí ọjọ́ orí ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá ju àwọn tuntun tó ń dán yanran lọ. Awọ tín-ín-rín tí afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin ti dá sí ojú gíláàsì náà ló ń dín ìmọ́lẹ̀ tó ń tan padà kù. Ó di ọdún 1935 kí Alexander Smakula, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Zeiss ní Jámánì, tó gba ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tí a fi lè mọ̀ọ́mọ̀ fi irú awọ bẹ́ẹ̀ bo lẹ́ńsì. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ohun tó bá yí ojú lẹ́ńsì padà ló ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Àmọ́ iye tó dín kù kì í ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ sì ni ọ̀rẹ́ yín ti ní ẹ̀tọ́ díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí ìlà kò pa rẹ́, ṣe ló ṣìnà. Etí ìlà náà ń fọ́n ọn ká, pàápàá sí ìhà tó dábùú ìlà náà, apá kan nínú rẹ̀ á sì balẹ̀ sí ibi tí kò yẹ kó dé nínú àwòrán. Bí ohun tí ẹ ń yà bá ní ìmọ́lẹ̀ tó bára dọ́gba, ẹ kò ní rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí oòrùn tàbí iná tó mọ́lẹ̀ gidigidi bá wà níwájú lẹ́ńsì, tí ibi tó ṣókùnkùn sì wà nítòsí rẹ̀ nínú àwòrán kan náà, ìwọ̀nba díẹ̀ tó ṣìnà láti ara iná náà tó láti da kurukuru bo òkùnkùn yẹn, tàbí kó fa ìlà ìmọ́lẹ̀ kan gba àárín rẹ̀ kọjá. Dúdú kò ní dúdú tó bó ṣe yẹ mọ́.

Ohun kejì tí ẹ gbọ́dọ̀ wò ni ibi tí ìlà náà wà. Ohun tó ṣe pàtàkì kì í ṣe bí gíláàsì ṣe fẹ̀ tó, bí kò ṣe àyè tí ìtànṣán tó ń lọ ya ojú kan nínú àwòrán gbà lára gíláàsì náà. Ní iwájú lẹ́ńsì, ìtànṣán yìí sábà máa ń fẹ̀, nítorí náà ìlà kékeré kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Bí ó ṣe ń sún mọ́ ibi tí àwòrán ti ń jáde ni ó ń fún sí i. Bí àyè náà bá ti di 5 mìlímítà ní fífẹ̀, ìlà tó fẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, tó sì dábùú rẹ̀ láti etí dé etí, yóò gba ààbọ̀ ìdá kan nínú 100, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 50 ohun tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan. Lójú gíláàsì tó bo ojú ibi tí kámẹ́rà ti ń gba àwòrán gan-an, eruku ẹyọ kan péré yóò hàn gẹ́gẹ́ bí àmì dúdú. Nítorí náà, bí iye tí wọ́n dá lé e bá ti dín kù nítorí ìlà iwájú yẹn, ẹ rà á, kí ẹ sì máa fi ìbòrí lẹ́ńsì dí oòrùn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn lẹ́ńsì ni ìlà náà wà ni, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.

Ní yàrá ìwádìí wa, olùkọ́ wa sọ pé ojú dígí gbọ́dọ̀ jọ̀lọ̀ ju ojú lẹ́ńsì lọ, bí a bá fẹ́ kí méjèèjì fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká ní ìwọ̀n kan náà. Mo rò pé òdìkejì ni ì bá jẹ́, nítorí inú lẹ́ńsì ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìdí rẹ̀? — Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì

Olùkọ́ yín jàre. Gbágungbàgun tí a ń sọ níbí kì í ṣe èyí tí ọwọ́ lè mọ̀ lára. Lẹ́ńsì tí wọ́n dán dáadáa sábà máa ń ní òkè àti kòtò tí gíga wọn kò ju nánómítà kan tàbí méjì lọ (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan mìlímítà), nígbà tí gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ pupa láti inú lésà híílíọ̀mù àti níọ́ọ̀nù jẹ́ 633 nánómítà. Síbẹ̀, òkè àti kòtò wọ̀nyí ń mú kí apá kan nínú ìgbì náà ṣáájú, kí apá kan sì rẹ̀yìn, ìgbì tí kò bá sì rìn pọ̀ mọ́ ni yóò fọ́n ká.

Ẹ wá wo bí ìyàtọ̀ ọ̀nà yìí ṣe ń pọ̀ tó. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sínú kòtò kan lójú dígí, ó ní láti lọ sísàlẹ̀ kòtò náà kí ó sì tún padà wá sókè, nítorí náà ìlọ́po méjì jíjìn kòtò náà ni yóò fi rẹ̀yìn. Bí irú kòtò kan náà bá wà lójú gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ kàn ń gba ibẹ̀ kọjá ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ìyàtọ̀ tó sì wà láàárín ìrìn rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ àti ìrìn rẹ̀ nínú gíláàsì kò ju nǹkan bí ìdajì jíjìn kòtò náà lọ. Ìlọ́po mẹ́rin ni ti dígí fi ju ti gíláàsì lọ nìyẹn. Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń fọ́n ká kì í sì í pọ̀ ní ẹyọ-ẹyọ: bí ìyàtọ̀ ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ tó fọ́n ká á di ìlọ́po mẹ́rin, bí ó bá di ìlọ́po mẹ́rin, á di ìlọ́po 16. Nítorí náà, bí gbágungbàgun ojú méjèèjì bá jẹ́ nánómítà méjì, dígí yóò fọ́n nǹkan bí ìdá 16 nínú 10,000 ìmọ́lẹ̀ pupa yẹn ká, ojú gíláàsì kan yóò sì fọ́n ìdá kan ká nínú 10,000 kan náà.

Òfin yìí kan náà ló fà á tí ìgbì kúkúrú fi ń ni iṣẹ́ lára. Ojú tó tẹ́ yín lọ́rùn pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ pupa 633 nánómítà yóò fọ́n ìmọ́lẹ̀ 266 nánómítà, tí ojú wa kò lè rí, ká ní ìlọ́po tó lé ní márùn-ún. Ní ìdàkejì, lésà kábọ́ọ̀nù-dáyọ́sáìdì tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 10.6 máíkírómítà (máíkírómítà kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan nánómítà) kò bìkítà fún irú gbágungbàgun bẹ́ẹ̀ rárá. Ní ti ibi tí iṣẹ́ dídán lè dé, ẹ wo àwọn dígí LIGO ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi ń wá ìgbì òòfà (gravitational waves) láti ojú ọ̀run: ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 34 sẹ̀ǹtímítà, ó wúwo tó 40 kìlógíráàmù, síbẹ̀ gbágungbàgun ojú rẹ̀ kò tó 0.2 nánómítà. Nǹkan bí ìwọ̀n átọ́ọ̀mù kan nìyẹn.

Kí ẹ má sì ṣe da jíjọ̀lọ̀ ojú pọ̀ mọ́ bí ojú náà ṣe tẹ̀. Nígbà tí wọ́n rán awò awọ̀nàjíjìn Hubble lọ sí òfurufú ní ọdún 1990, dígí ńlá rẹ̀, tó fẹ̀ ní mítà 2.4, jọ̀lọ̀ lọ́nà tó yani lẹ́nu. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé etí rẹ̀ tẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ ní nǹkan bí máíkírómítà 2.2. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ dé inú rẹ̀ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n kò kóra jọ sójú kan, ó sì di oṣù Kejìlá ọdún 1993 kí àwọn tó gòkè lọ tún un ṣe tó fi ohun tó ń ṣàtúnṣe rẹ̀ sínú rẹ̀.

Nínú ìwé tí wọ́n fi ń ta lẹ́ńsì, mo máa ń rí nọ́ńbà bíi 60-40 tàbí 20-10 níwájú ọ̀rọ̀ nípa ojú rẹ̀. Kí ni wọ́n ń sọ? — Ẹni tó ń ra ohun èlò fún yàrá ìwádìí

Inú ìlànà tí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ni nọ́ńbà méjì yìí ti wá. MIL-PRF-13830B ni orúkọ èyí tó wà lóde báyìí. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ dúró fún ìlà, èkejì dúró fún ihò. Èyí tó kẹ́yìn rọrùn láti yé ni: 40 túmọ̀ sí pé ihò tó tóbi jù lọ tí wọ́n lè gbà kò gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju 0.40 mìlímítà lọ, 10 sì jẹ́ 0.10 mìlímítà. Ti ìlà ló máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Ọ̀pọ̀ gbà pé 60 jẹ́ ìwọ̀n fífẹ̀ ìlà, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó ń yẹ lẹ́ńsì wò yóò tan iná sí i lára ní ibi tó ṣókùnkùn, yóò sì fi ojú ara rẹ̀ wo bí ìlà náà ṣe mọ́lẹ̀ tó, ní fífi wé àwọn ìlà àpẹẹrẹ tí wọ́n ti fún ní nọ́ńbà. Ẹni méjì lè wo ìlà kan náà kí wọ́n má sì fẹnu kò. Ìlànà àgbáyé ISO 10110 gba ọ̀nà mìíràn, ó ń ka iye àbùkù, ó sì ń wọn àyè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. Lójú tèmi, ó dára ju ti ológun lọ fún ẹni tó fẹ́ ṣírò, àmọ́ ti ológun yá jù, kò sì náni ní owó púpọ̀, ìdí nìyẹn tó ṣì fi wà káàkiri.

Ní ti ohun tí ẹ máa rà, 60-40 tó fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, 40-20 dára fún lésà tí agbára rẹ̀ kò pọ̀ àti fún àwòrán tí wọ́n fẹ́ kó mọ́ kedere, 20-10 wà fún lésà, 10-5 sì wà fún lésà alágbára. Ẹ má ṣe ra 10-5 fún ohun tí 60-40 lè ṣe, nítorí owó rẹ̀ yóò ga sókè láìjẹ́ pé ẹ rí ìyàtọ̀ kankan. Ẹ sì rántí pé nọ́ńbà méjèèjì kò sọ nǹkan kan nípa gbágungbàgun tí a sọ lókè. Ìyẹn ní láti wà nínú ìwé náà lọ́tọ̀.

Gíláàsì kan tí a fi sójú ọ̀nà lésà alágbára fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ a ti yẹ̀ ẹ́ wò tẹ́lẹ̀, kò sì ní ìlà kankan lójú. Ṣé ó ṣeé ṣe kí àbùkù fara pamọ́? — Òṣìṣẹ́ yàrá lésà

Ó ṣeé ṣe gan-an. Kí gíláàsì tó dán, wọ́n ti fi iyẹ̀pẹ̀ líle lọ̀ ọ́, èkíní tó rí wúruwùru, lẹ́yìn náà èyí tó túbọ̀ kúnná. Iyẹ̀pẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń fi ojú sísán kéékèèké sílẹ̀ lábẹ́ ojú gíláàsì, ìpele tó tẹ̀ lé e sì gbọ́dọ̀ lọ̀ ọ́ jìn tó láti ká gbogbo ojú sísán yẹn kúrò. Bí ẹni tó ń ṣe é bá kánjú, ìyẹ̀fun sẹ́ríọ̀mù tí wọ́n fi ń dán an níkẹyìn á bo àwọn ojú sísán náà mọ́lẹ̀, gíláàsì á sì máa dán yanran. Nígbà tí lésà bá dé, agbára ìmọ́lẹ̀ ń ga sí i ní etí ojú sísán bẹ́ẹ̀, ìyẹ̀fun tó há sínú rẹ̀ sì lè gba ìmọ́lẹ̀ sára, pàápàá ti ìgbì kúkúrú, títí á fi gbóná kọjá àlà. Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó kọjá kò ní yí padà rárá kó tó fọ́, nítorí náà kò sí bí wíwọn ìmọ́lẹ̀ ṣe lè kìlọ̀ fún yín. Ojú tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, ẹ máa yẹ ìhà ibẹ̀ wò dáadáa. Bí ẹ bá tún fẹ́ rà, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń yọ ojú sísán abẹ́ gíláàsì kúrò. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kò ní ṣàì ní èsì.

Ṣé òótọ́ ni pé ọṣẹ ìfọyín lè pa ìlà rẹ́ lójú lẹ́ńsì? — Ẹni tó ń wo jígí ojú

Rárá, ẹ má dán an wò. Awọ tín-ín-rín tí a sọ lókè kò nípọn ju nǹkan bí 100 nánómítà lọ bó bá jẹ́ ẹyọ kan, ìyẹ̀fun inú ọṣẹ ìfọyín yóò sì ti bó o kúrò kí ẹ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìlà kan á di àìmọye ìlà wẹ́wẹ́. Bí ó bá jẹ́ lẹ́ńsì kámẹ́rà ni, tí ìlà náà sì jìn gan-an, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń fi tàdáwà dúdú tí kì í dán kún inú rẹ̀. Yóò dí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èyí tó dí kò ní lè ṣìnà mọ́, àwòrán á sì mọ́ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa so okùn ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀. Ọ̀gá mi kì í jẹ́ kí a so ìkankan láìkọ́kọ́ fi awò amúǹkantóbi wo ẹnu rẹ̀. Ṣé eruku lè ṣe tó bẹ́ẹ̀ ni? — Òṣìṣẹ́ okùn ìmọ́lẹ̀

Ó lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo sọ fún ayàwòrán nípa àyè tí ìtànṣán gbà ló dé góńgó rẹ̀ níbí. Àárín okùn onípa ọ̀nà kan (èyí tí wọ́n ń pè ní single-mode), níbi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà, kò fẹ̀ ju nǹkan bí máíkírómítà 9 lọ. Eruku tó fẹ̀ ní máíkírómítà 5, tí ojú lásán kò lè rí, yóò bo nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àyè yẹn bó bá bọ́ sí àárín rẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí kò bá tilẹ̀ bọ́ sí àárín, ó lè má jẹ́ kí ẹnu méjèèjì fara kan ara wọn, afẹ́fẹ́ á wà láàárín wọn, ìmọ́lẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tan padà lójú gíláàsì méjèèjì bí a ṣe sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ tó padà yìí lè da ẹ̀rọ lésà tó ń rán an jáde láàmú.

Ẹ máa lo aṣọ tàbí ohun ìnu tí wọ́n dìídì ṣe fún un, tí kì í fi òwú sílẹ̀. Ẹ má fi etí aṣọ yín nù ún, ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí ọ̀rinrin ẹnu yóò gbẹ sójú rẹ̀. Bí ẹ bá ti nù ún, ẹ tún un wò kí ẹ tó so ó, kí ẹ sì wo ẹnu kejì pẹ̀lú, nítorí bí ẹ bá ti tẹ méjèèjì pọ̀ mọ́ eruku tó le, yóò gbẹ́ ihò sójú àwọn méjèèjì, ìyẹn kò sì ṣeé nù kúrò mọ́.